Ẹni Tó Di Ìtọ́kọ̀ Mú: Bí A Ṣe Ń Yan Ọkọ̀ Tí Yóò Gbé Wa Lọ Pa Tùnà Lójú Òkun

  Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán mi ṣe kedere: ẹgbẹ́ fẹ́ gbéra ní Houston níbí lọ pa ẹja tùnà lójú òkun, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà sì pọ̀ lọ súà, èwo ni kí ẹ mú nínú wọn? Akọ̀wé fi àwòrán ọkọ̀ mélòó kan ṣọwọ́ sí mi kí n tó wá. Mo fara balẹ̀ wò wọ́n. Ẹja ló kún inú wọn, ẹja gìrìwò tí géńdé méjì gbé dání, tí ẹ̀rín kún ẹnu oníkálukú. N kò rí ẹyọ kan tó fi ojú atukọ̀ hàn wá. N kò sì rí èyí tó sọ fún wa ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dìde lójijì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi máa dúró sí. Òkun tí ẹ fẹ́ lọ yìí jìn, ó sì jìnnà. Owó tí ẹgbẹ́ máa san, làákàyè ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ máa fi háyà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ́ńjìnnì o, ọ̀pá ìwọ̀ o, ìjẹ o, abẹ́ làákàyè yẹn ni gbogbo wọn wà. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ wà nínú ilé yìí, ará Ẹ̀pẹ́ àti ará Badagry náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí etí omi máa tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Àwa tá a dàgbà sórí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ tó ń dán máa ń tètè tàn jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ yín dárúkọ fún mi ni Venice, èyí tó wà ní Louisiana, ìletò àwọn apẹja kan ní Plaquemines Parish nísàlẹ̀ odò Mississippi. Láti ibí dé ibẹ̀ lé ní 400 máìlì. Ẹ ó wakọ̀ dé New Orleans, ẹ ó wá gba títì 23 lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò fún nǹkan bí máìlì 75, títí tí títì fi máa tán pátápátá. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn ń rin irú ìrìn yẹn nígbà tí Galveston wà nítòsí wa níbí? Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tí Mississippi ti ń kó bọ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti ti ilẹ̀ wọ inú òkun lọ jìnnà, débi pé ẹnu odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bèbè ibi tí ìsàlẹ̀ òkun ti já sí ọ̀gbun. Ọkọ̀ tó bá jáde ní Galveston tàbí Freeport lè rin 100 máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé omi jíjìn tí tùnà fẹ́ràn. Èyí tó bá jáde ní Venice láàárọ̀ lè ti ju ìwọ̀ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Òkè kan wà lábẹ́ omi lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní Midnight Lump. Iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ilẹ̀ òkun sókè níbẹ̀. Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, àwọn tùnà yellowfin tó tóbi máa ń kóra jọ sí i. Nígbà tí omi bá móoru, àwọn rìígì epo ni wọ́n ń yí ká. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń jẹun lára iṣẹ́ epo ní Houston yìí, ẹ sì mọ Mars, rìígì Shell tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo ní 1996 níbi tí omi ti jìn tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tí apẹja rí lára rìígì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin rí. Ewé òkun àti ẹ̀dá oníkarawun ń lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ń wá jẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi òjìji rẹ̀ ṣe ibi ìsádi, tùnà wá ń tẹ̀ lé ẹja wẹ́wẹ́. Lóru, iná rìígì tún ń fa àwọn ẹja tó ń fò wá sójú omi. Nítorí náà, bí atukọ̀ kan bá sọ fún yín ní oṣù Keje pé Midnight Lump lòun máa gbé yín lọ, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹgbẹ́. Ẹ lè lọ sí Venice kí ẹ háyà àwọn ọkọ̀ kékeré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ènìyàn mẹ́fà. Ẹ sì lè dúró ní Texas níbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ogunlọ́gọ̀, èyí tó máa ń sun òkun mọ́jú kó tó dé ibi tí rìígì wà. Owó ọkọ̀ ńlá fúyẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní ibùsùn, ó ní ilé ìyàgbẹ́, ó sì ní ibi ìdáná. N kò ní bú u. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ tí ẹ máa sùn nínú rẹ̀: ta ló máa wà lójúfò nígbà tí a bá sùn?

Mo ní ìdí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2019, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Conception gbiná lóru nítòsí Santa Cruz Island ní etíkun California. Àwọn tó gbé ń sùn ní yàrá ìsàlẹ̀. Ènìyàn 34 ló bá iná náà lọ. Eré wíwẹ̀ lábẹ́ omi làwọn yẹn bá lọ, wọn kò lọ pẹja, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sùn náà ni àwọn tó ń wọ ọkọ̀ tùnà ń sùn: ibùsùn lórí ibùsùn, nísàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí, ó hàn pé kò sí ẹni tí wọ́n yàn láti máa rìn káàkiri ọkọ̀ ṣọ́ ọ lóru, bẹ́ẹ̀ òfin sì sọ pé kó wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ti mú òfin le sí i láti ìgbà náà. Síbẹ̀, òfin kì í sùn sínú ọkọ̀, ènìyàn ló ń sùn síbẹ̀. Kí ẹ tó gbé báàgì yín kalẹ̀, ẹ wá ọ̀nà àbájáde méjì láti ibi tí ẹ máa sùn, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín, kó má jẹ́ ojú nìkan ni ẹ fi wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú èéfín, ẹsẹ̀ ló máa rántí.

Mo sọ̀rọ̀ ènìyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò dáadáa, nítorí mo mọ ẹgbẹ́ wa. A ó ní ènìyàn mẹ́fà ni, tó bá di ọjọ́ ìrìn, ẹnì kan á mú àbúrò ìyàwó rẹ̀ dání, ẹlòmíràn á ní ọmọ òun ò wúwo. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun kò tíì yẹ̀ wò fínnífínní kò gbọ́dọ̀ gbé ju èrò mẹ́fà tó sanwó lọ. Ọmọ ọwọ́ náà wà nínú òǹkà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé méje, ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò, wọ́n á sì ti kọ iye èrò tó lè gbé sínú ìwé náà, kí gbogbo èrò lè rí i kà lára ọkọ̀.

Òkú ló bí òfin yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1951 ni, ìparí ọ̀sẹ̀ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ní Montauk, ìpẹ̀kun Long Island. Àwọn ará New York tó fẹ́ pẹja já láti inú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sáré bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ tó wà ní èbúté. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni Pelican, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 42 ẹsẹ̀ bàtà. Ènìyàn 64 ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú ọjọ́ yí padà, atukọ̀ darí sílé, ẹ́ńjìnnì kan kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹnu ibi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo ilẹ̀ ni ìgbì ti dojú ọkọ̀ náà dé. Ènìyàn 45 ló kú, atukọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Nígbà tó di 1956, àwọn aṣòfin fi òfin dè é pé ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá máa gbé ju èrò mẹ́fà lọ, ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni Pelican kọ́ ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀? Mo máa ń ronú nípa àwọn tó bọ́ sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n rí i pé ó ti kún. Wọ́n ti rin ìrìn àjò, wọ́n ti sanwó, wọn kò fẹ́ pa dà sílé lọ́wọ́ òfìfo, ọkọ̀ sì ń gbéra lọ. Gbogbo wa la mọ irú ìkánjú yẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ka orí tiwa níbí ní Houston. Bí atukọ̀ kan bá sọ fún yín lórí fóònù pé ẹ̀yin méje ò burú, pé òun á wá nǹkan ṣe sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé àṣẹ wá ńkọ́? N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Atukọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, èyí tí wọ́n ń sọ dọ̀tun ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìwé náà máa sọ bí ó ṣe lè rìn jìnnà sí etí ilẹ̀ tó, nítorí ti omi inú ilẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti òkun wà lọ́tọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ètò àyẹ̀wò oògùn olóró tí kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà lórí òkun àti ojú ọjọ́, èyí tó wà fún ọkọ̀ háyà tó ń pa tùnà. Ẹ bèèrè ìwé ìbánigbófò pẹ̀lú, ẹ sì bi atukọ̀ irú ìwé àṣẹ ìpẹja Louisiana tí èrò kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ kì í bínú bí a bá béèrè.

Lórí irú ọkọ̀, àríyànjiyàn pọ̀, n kò sì ní dá gbogbo rẹ̀ lẹ́jọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Venice ni ọkọ̀ tí ibi ìtukọ̀ rẹ̀ dúró láàárín gbùngbùn, tí ènìyàn lè rìn yí i ká pẹ̀lú ẹja lẹ́nu ìwọ̀, tí ẹ́ńjìnnì méjì sí mẹ́rin so mọ́ ìdí rẹ̀. Ó yára, ó sì dára fún pípa ẹja. Oòrùn àti omi á máa lu yín níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ á há, bó bá tilẹ̀ ní. Àwọn kan ní abẹ́ méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní catamaran. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń gba ìgbì kéékèèké pẹ̀lẹ́. Irú kẹta ni ọkọ̀ ńlá onídísù tó ní yàrá, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Kò yára tó wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, inú irú rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ohun tí mi ò ní gbà lábẹ́ ipòkípò ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lójú òkun jíjìn. Mo sì máa ń ní kí wọ́n fi nǹkan mẹ́ta hàn mí kí okùn tó tú ní èbúté: láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí n gbé ọ̀kan wọ̀, ẹ̀rọ EPIRB tó máa ké sí sátẹ́láìtì bí ọkọ̀ bá rì, àti ọkọ̀ rọ́bà tó ń fẹ́ ara rẹ̀. Rédíò VHF gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó sì máa gbọ́ ojú ìlà 16. Bí ọmọ ọkọ̀ bá ń wá ibi tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà kiri kó tó rí i, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí atukọ̀ gan-an. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi wọ́n lórí fóònù kí n tó dárúkọ owó rárá: ìgbà wo lo fagi lé ìrìn kẹ́yìn, kí ló sì fà á? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, afẹ́fẹ́ àríwá fẹ́, ìgbì ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin mẹ́rin, mo dá owó àwọn èrò padà. Ẹ tẹ́tí sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Gíga ìgbì nìkan kò tó. Ìgbì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ mẹ́jọ, ènìyàn lè jókòó jẹun lórí rẹ̀. Ìgbì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kan náà tó ń wá ní mẹ́rin mẹ́rin á máa fi egungun ìdí yín lu àga títí di alẹ́. Ẹ̀yin náà lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. NOAA ní búọ̀ì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 42040 ní gúúsù Dauphin Island, ní ìlà oòrùn ẹnu odò, ó sì ń kéde gíga ìgbì àti àlàfo tó wà láàárín wọn tọ̀sán tòru. Ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè mọ ohun tí atukọ̀ ń sọ nígbà tó bá pè yín.

Ẹni tó bá dáhùn pé òun kò fagi lé ìrìn rí, pé òun ń jáde lójoojúmọ́, ẹ sá fún un. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì líle ní apá ibẹ̀. Katrina ba Mars jẹ́ ní 2005, irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Òtútù náà ní ewu tirẹ̀, kùrukùru sì ni. Omi odò tó tutù àti afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń bí i, ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ ẹrù ńláńlá sì ń gba odò kan náà kọjá lọ sí New Orleans.

Atukọ̀ kan wà tí mo ti bá jáde nígbà púpọ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀ oṣù Kejì kan, a ti ń sọ̀ lójú odò lọ nígbà tí funfun bò wá, tí mi ò rí imú ọkọ̀ mọ́. Ó fa ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ó ní kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Ó kọ orí sí apá kan bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn nínú yàrá kejì, ó mú rédíò, ó sọ ibi tí a wà, ó wá rọra gbé ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ koríko, ó so ó mọ́lẹ̀. A jókòó síbẹ̀ lọ títí. Àwọn èrò ń kùn, ọ̀kan nínú wọn ń wo aago rẹ̀ ṣáá, ó ní ọkọ̀ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá wa. Lóòótọ́ ló kọjá, a gbọ́ ariwo rẹ̀. Atukọ̀ wa kò fèsì. Ó ń yọ ìwọ̀ tó dógùn-ún kúrò nínú páálí, ó ń fi tuntun dípò. Kò pẹ́ púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ fi gbọ̀n, tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ epo kan yọ sí wa láàárín odò, dúdú, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó ń kọjá lọ ní ojú ọ̀nà tí à bá gbà. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó fi ojú wo ọkọ̀ náà títí ó fi kọjá, ó sì pa dà sídìí ìwọ̀ rẹ̀. Ẹja tí a pa lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Mo ti fi atukọ̀ yẹn han gbogbo ẹni tí mo fẹ́ràn.

Bí ẹ bá lè dé Venice ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ dúró sí èbúté nígbà tí àwọn ọkọ̀ bá ń wọlé. Ohun tí ẹ máa rí ní wákàtí yẹn kò sí nínú àwòrán kankan. Ẹ wo ọmọ ọkọ̀. Ṣé ó ń fi omi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó gbẹ? Ṣé ó tú ríìlì, ó fọ̀ ọ́, ó nu ún? Ẹ wo ojú àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀, bóyá wọ́n ń bá atukọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n ń yẹra fún un. Ẹ wo bí omi ṣe ń jáde láti ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ̀rọ afami rẹ̀ kò dúró rárá ní èbúté ń gba omi níbì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹja lórí pákó ìgé. Ẹran tùnà tí wọ́n tọ́jú dáadáa máa ń pupa gbòò, ó máa ń dán, ọ̀bẹ á sì gé e láìfà. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú oòrùn á ti ṣú, á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, á sì ní àwọ̀ bí ilẹ̀ tí òjò pa.

Àwa ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fetí sílẹ̀ síbí, nítorí a gbà pé ohunkóhun tí a bá dín gbẹ, iná ti pa ohun burúkú inú rẹ̀. Ara tùnà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju omi tó ń gbé lọ, ìjàkadì lẹ́nu ìwọ̀ sì tún ń mú un gbóná sí i. Bí ó bá kú tí wọn kò tètè mú un tutù, kòkòrò tí ojú kò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine sínú ẹran rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á fọ́ ọ, ara á yún un, àyà rẹ̀ á sì máa lù kìkì. Iná kò pa èròjà náà. Díndín kò pa á, ọbẹ̀ ata kò pa á, yíyan kò pa á. Ọmọ ọkọ̀ tó mọṣẹ́ máa gún ọpọlọ ẹja lọ́gán tó bá ti wọ inú ọkọ̀, á gé e lẹ́yìn lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ àti nídìí ìjàgbọ̀n kí ẹ̀jẹ̀ lè dà, á sì rì í sínú omi òkun tó kún fún yìnyín. Nítorí náà, ẹ bi atukọ̀ pé pọ́n-ùn yìnyín mélòó ló ń gbé jáde. Ẹ bá mi wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Ẹ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ fún un pẹ̀lú. Àwọn atukọ̀ kan ń fi ẹja ààyè ṣe ìjẹ, àwọn kan ń gé ẹja wẹ́wẹ́ dà sómi, àwọn mìíràn ń ju ìjẹ onígi tó ń pariwo lójú omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ń fẹ́ apá àti èjìká ọ̀dọ́. Ẹ má fi àgbà sí i. Ẹ bèèrè ohun tó ń ṣe nípa ekurá, ẹja ṣáàkì tí ẹ mọ̀, nítorí wọ́n pọ̀ lábẹ́ rìígì báyìí, wọ́n sì máa ń gé tùnà jẹ lẹ́nu ìwọ̀ títí á fi ku orí nìkan. Atukọ̀ tó dára máa ń kúrò níbi tí ekurá bá ti gba ilẹ̀, kódà bí tùnà bá wà níbẹ̀, nítorí ẹja tí a pa fún ekurá kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Èyí jẹ mí lọ́kàn gan-an. Mo ti rí ọkọ̀ tí kò kúrò, tí orí tùnà sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rín ọ̀rọ̀ náà ń pa àwọn èrò. N kò bá wọn lọ mọ́.

Yellowfin mẹ́ta ni òfin gbà fún ẹnì kan lójúmọ́. Èyí tí gígùn rẹ̀ kò bá pé 27 íǹṣì, láti ẹnu dé ibi tí ìrù ti pín, ẹ dá a padà sómi. Tùnà bluefin lọ́rọ̀ tirẹ̀: inú Gulf, òkun tí à ń sọ yìí, ni bluefin ti ìwọ̀ oòrùn Atlantic ti ń wá yé ẹyin nígbà ìrúwé, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ dọdẹ rẹ̀ níbẹ̀. Atukọ̀ tó bá fi bluefin ṣe ìlérí fún yín ní Gulf ń ṣe ìlérí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹja tí ẹ bá pa, ti ìkòkò yín ni. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á fún ilé oúnjẹ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wà lákọsílẹ̀: ṣé epo wà nínú iye tó dá, ṣé wọ́n ń gba owó gígé ẹja lọ́tọ̀, ta ló máa pinnu pé ojú ọjọ́ kò dára, àsansílẹ̀ wa ńkọ́ bó bá pinnu bẹ́ẹ̀? Àṣà ibẹ̀ ni pé èrò máa fún ọmọ ọkọ̀ ní owó ìdúpẹ́, nǹkan bí 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ háyà ọkọ̀. Ẹ ti kà á mọ́ owó yín láti ilé. Iṣẹ́ ọmọ ọkọ̀ lágbára, owó yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbé ilé ró.

Mo gbọ́ pé ènìyàn méjìdínlógún ló ti kọ orúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Ẹ lọ sí Venice ní oṣù Kejì. Ẹ háyà ọkọ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó ní yàrá, kí àwọn àgbà wọ ìyẹn. Ẹ wá àwọn atukọ̀ mẹ́ta tó mọ ara wọn, tí wọ́n á máa gbọ́ ara wọn lórí rédíò. Ẹ gba ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ lo ọ̀kan, kí èkejì wà fún ojú ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ti atukọ̀ jáde nítorí pé Monday ni iṣẹ́. Ẹ gbé kúlà ńlá mẹ́fà dání, kí yìnyín wà nísàlẹ̀ ẹja àti lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa da omi rẹ̀ nù ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró ra epo títí tí ẹ ó fi dé Houston. Bàbá tó jókòó níwájú ti na ọwọ́ láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè yín.